Ìwà Tí Ń Ràn Bí Àrùn

Ẹ̀kọ́ fún Kíláàsì Àwọn Àgbà

Bíbélì fún ẹ̀kọ́ yìí: Númérì 13:25 sí 14:10, Léfítíkù 14:1-3, 2 Àwọn Ọba 7:3-15.

Ẹsẹ àkọ́sórí: Ẹ́kísódù 23:2. Kí olúkúlùkù kà á nínú Bíbélì tirẹ̀ títí yóò fi mọ́ ọn lórí.

Bíbélì kíkà fún ọ̀sẹ̀ yìí: Ọjọ́ Ajé, Léfítíkù 13:45-52. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Jóṣúà 7:1-13. Ọjọ́rú, Númérì 13:25-33. Ọjọ́bọ̀, Númérì 14:1-10. Ọjọ́ Ẹtì, 2 Àwọn Ọba 7:3-15. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Kọ́ríńtì 5:1-8. Ọjọ́ Ìsinmi, Òwe 14:15.

Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ ọ̀nà tí ìwà búburú àti ọ̀rọ̀ àìdájú ń gbà tàn kálẹ̀ láàrin àwọn ènìyàn tí ó fẹ́ràn ara wọn, àti ohun tí Ọlọ́run ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

ÌFÁÀRÀ

Ní ọdún 1901 ni ojú irin dé Ìbàdàn. Dùgbẹ̀ ni ibùdókọ̀ rẹ̀ wà. Ọjà wà níbẹ̀, báńkì wà níbẹ̀, Dùgbẹ̀ sì di ibi tí ẹni tí ń bọ̀ láti Èkó àti ẹni tí ń bọ̀ láti Òkè-Ọya ti ń pàdé. Ọkọ̀ ojú irin yìí a máa kó kòkó lọ, a sì máa kó iyọ̀ àti aṣọ bọ̀. Ní ọdún 1918, ó kó ohun mìíràn bọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni àrùn inflúẹ́ńsà tí ń pa gbogbo ayé bá ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí Èkó, kò sì pẹ́ tí ó fi bá ojú irin wọ inú ilẹ̀ wá. Àrùn náà kò ní ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó fi rìn: ẹsẹ̀ ìyàwó tí ń lọ kí ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ oníṣòwò tí ń lọ ra ọjà, ẹsẹ̀ ọmọ tí ń bọ̀ wálé nítorí pé ara rẹ̀ kò yá.

Ọ̀nà tí ọjà gbà wọlé ni àrùn gbà wọlé. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí ni pé ọ̀nà kan náà ni ìwà ń gbà. Bí a bá bi àwọn àgbà wa léèrè bí ìwàkiwà ṣe ń wọ ìlú, wọn a máa sọ ti àgùntàn tí ó bá ajá rìn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n òwe náà lè mú kí a rò pé ajá nìkan ni ó yẹ kí a sá fún. Àgùntàn a máa kó ran àgùntàn nínú agbo pàápàá.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

Òru kan ní ọdún 2014

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan láti Làìbéríà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní Èkó pẹ̀lú àrùn Ebola lára. Ní ilé ìwòsàn tí a gbé e lọ, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ń fi agbára rọ̀ ọ́ pé kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Arábìnrin náà kó àrùn yìí lára rẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá gbogbo ẹni tí ó ti súnmọ́ aláìsàn kàn. Àwọn 894 ni wọ́n rí, wọ́n sì lọ sí ẹnu ọ̀nà wọn ní ìgbà tí ó tó 18,500 láti wo bí ara wọn ti rí. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé àrùn náà ti tán ní Nàìjíríà, ènìyàn 20 péré ni ó ti mú, 8 nínú wọn sì kú.

Ohun mìíràn ràn ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, èyí tí púpọ̀ nínú wa kò ní fẹ́ rántí. Ní òru kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri orílẹ̀-èdè. Wọ́n ní kí oníkálùkù dìde, kí ó fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó sì mu díẹ̀ níbẹ̀, pé Ebola kò ní lè mú un. Ta ni ó pè wá? Kì í ṣe ọ̀tá. Ìyá ni ó pe ọmọ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọmọ ni ó pe bàbá rẹ̀ ní abúlé. Ọmọ ìjọ pe pásítọ̀, ìyá pásítọ̀ sì pe àwọn ẹgbẹ́ obìnrin. Kí àkùkọ tó kọ, àìmọye ilé ni ó ti po iyọ̀ mọ́ omi. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lẹ́yìn náà pé, ó kéré tán, ènìyàn 2 ni omi iyọ̀ yìí pa ní Nàìjíríà.

Ẹ jẹ́ kí a fi méjèèjì wé ara wọn. Àrùn tí ayé gbogbo ń bẹ̀rù mú ènìyàn 20. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ la orílẹ̀-èdè já ní òru kan ṣoṣo. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tí ó gbé àrùn, wọ́n ń wá a kiri láti sé e mọ́; ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà gùn bí ẹṣin. Ó sì ní òótọ́ díẹ̀ nínú, nítorí àwọn dókítà ti ń sọ fún wa pé kí a máa fọ ọwọ́, olúkúlùkù wa sì mọ̀ láti ìgbà èwe pé ìyá wa a máa fi omi gbígbóná àti iyọ̀ tọ́jú egbò. Lẹ́yìn èyí, ó ní àkókò tí yóò kọjá: kí ilẹ̀ tó mọ́! Ẹni tí a bá sọ fún pé ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kò ní àyè láti béèrè ìbéèrè kankan.

Òru kan ní aginjù

Wàyí o, ẹ ṣí Númérì orí 13. Àwọn amí méjìlá lọ wo ilẹ̀ Kénáánì fún ogójì ọjọ́. Nígbà tí wọ́n padà, mẹ́wàá nínú wọn ni ó sọ̀rọ̀ búburú. Gẹ́gẹ́ bí Númérì 1:46 ti kà, àwọn ọkùnrin tí ó lè jáde lọ sí ogun ní Ísírẹ́lì jẹ́ 603,550. Kí ọkùnrin mẹ́wàá tó lè mú irú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀ sọkún ní òru kan, ọ̀rọ̀ náà ní láti kúrò lẹ́nu wọn kí ó sì máa lọ láti àgọ́ dé àgọ́. Orí 14 ẹsẹ 1 sọ fún wa pé òru yẹn gan-an ni gbogbo ìjọ sọkún.

Olùkọ́, jẹ́ kí kíláàsì kíyè sí ohun tí àwọn amí náà sọ. Wọn kò kọ́kọ́ purọ́. Ìlú olódi wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Àwọn ọmọ Ánákì wà níbẹ̀, Kálébù pàápàá kò sẹ́ èyí. Ẹsẹ 32 ni ọ̀rọ̀ wọn ti yí padà, níbi tí wọ́n ti sọ ilẹ̀ náà di ohun tí ń jẹ àwọn tí ń gbé inú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti di àjàkálẹ̀. Ẹ̀rù wọn ni wọ́n fi kún ohun tí ojú wọn rí, ẹni tí ó gbọ́ ọ kò sì lè ya èyí tí wọ́n rí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n bẹ̀rù. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n sì ti ń jíròrò àti yan olórí tí yóò mú wọn padà sí Íjíbítì, àwọn ènìyàn tí ó ti la Òkun Pupa kọjá!

Àwọn mìíràn lè sọ pé bí ó bá jẹ́ pé bí àrùn ni ìwà ṣe ń ràn, ta ni a ó wá dá lẹ́bi? Ẹni tí àìsàn mú kò dẹ́ṣẹ̀. Ìbéèrè rere ni, kí olùkọ́ má ṣe fò ó. Kálébù àti Jóṣúà wà nínú àgọ́ kan náà. Etí wọn gbọ́ ohun kan náà, ojú wọn sì rí ohun kan náà. Àrùn kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni kí ó tó wọ ara, ṣùgbọ́n ìwà a máa dúró ní ẹnu ọ̀nà díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú kan, kí a tó ṣílẹ̀kùn fún un. Nínú ìṣẹ́jú kan yẹn ni ẹ̀bi wa wà.

Ohun tí ojú rí

Kì í ṣe ẹnu nìkan ni ó ń kó ìwà ràn. Àwa ará Dùgbẹ̀ mọ odò Ògùnpa. Ẹnì kan da pàǹtí sínú rẹ̀ ní òru, ó tijú, ó wẹ̀yìn wò. Ẹni kejì rí pàǹtí náà ní òwúrọ̀, ó da tirẹ̀ lé e, ìtìjú rẹ̀ kò pọ̀ tó ti ẹni àkọ́kọ́. Nígbà tí ó bá di ẹni ogún, kò sí ìtìjú mọ́, ó ti di ibi tí a ń da ilẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò ńlá rọ̀, odò tí a ti dí lọ́nà tí a sì ti kọ́lé sí etí rẹ̀ kún àkúnya, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ènìyàn. Omíyalé ni àwọn ará Ìbàdàn ń pè é títí di òní. Omi kò béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ da pàǹtí.

Owó tí kò ṣiṣẹ́ tí ó ń bímọ

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn ènìyàn ya bo ọ́fíìsì kan ní Òkè-Àdó, ibi tí kò jìnnà sí Dùgbẹ̀, wọ́n ń kó àga àti ẹ̀rọ amúlétutù jáde. Ọ́fíìsì CBEX ni. CBEX ti ṣe ìlérí pé owó tí a bá fi síbẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì ní ọjọ́ 30. Ìgbà tí ó yá, àwọn tí ó fẹ́ gba owó wọn kò rí i gbà mọ́. Èyí kì í sì ṣe àkọ́kọ́. MMM, tí ó wọ Nàìjíríà ní ìparí ọdún 2015, ṣe ìlérí ìdá 30 nínú 100 lóṣooṣù, ó sì dá owó gbogbo ènìyàn dúró ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 2016, nígbà tí Kérésìmesì ku ọjọ́ 12. A sun ẹkún nígbà náà. Kí ọdún mẹ́sàn-án tó pé, a tún ti wọ inú rẹ̀.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ni. Owó ẹni tí ó dé kẹ́yìn ni a fi ń san fún ẹni tí ó kọ́kọ́ dé. Bí owó ẹnì kan yóò bá di méjì, àwọn méjì ní láti mú owó wá. Bí ti àwọn 2 náà yóò bá di méjì, a nílò 4, lẹ́yìn náà 8, lẹ́yìn náà 16. Ní ìgbà kẹwàá, ènìyàn 1,024 ni a ń wá. Ní ìgbà ogún, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù kan. Bí àrùn ti ń di púpọ̀ náà nìyẹn, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé àrùn lè rí ẹni tuntun mú fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n irú owó yìí, ọjọ́ tí kò bá sí ẹni tuntun ni ó wó.

Ká sọ pé arákùnrin kan wà nínú ìjọ wa, olóòótọ́ ènìyàn, tí kì í pẹ́ dé Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ó fi ₦50,000 síbẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ 30 ó gba ₦100,000. Kò purọ́ nígbà tí ó sọ ọ́. Ojú rẹ̀ ni ó fi rí i. Opó kan nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbọ́, ó wo bàtà tuntun tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé owó tí ó ti ń kó jọ fún ìwé ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Kì í ṣe CBEX ni opó náà gbà gbọ́. Kò mọ CBEX rí. Arákùnrin wa ni ó gbà gbọ́. Nínú irú àjàkálẹ̀ yìí, ẹni tí ara rẹ̀ le jù lọ ni ó ń kó o ràn jù lọ. Ẹni tí a mọ̀ sí gbájú-ẹ̀ kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni nínú ìjọ. Kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn.

Ǹjẹ́ arákùnrin yìí dẹ́ṣẹ̀? Kíláàsì lè pín sí méjì lórí èyí. Èrò ti èmi ni pé kò jalè, ṣùgbọ́n ó ṣe onígbọ̀wọ́ fún ohun tí kò yẹ̀ wò, ó sì tún gba owó kékeré tí wọ́n ń fún ẹni tí ó bá mú ẹlòmíràn wá. Òwe 14:15 fi ìyàtọ̀ sí ààrin ẹni tí ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ gbọ́ àti ẹni tí ń wo ibi tí ó ń gbé ẹsẹ̀ sí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó béèrè: irú iṣẹ́ wo ni owó yìí ń ṣe tí ó fi ń bímọ? Àgbẹ̀ wa mọ̀ pé kòkó kì í so ní ọjọ́ 30. Opó náà pẹ̀lú mọ̀ ọ́n. Ojúkòkòrò wà ní ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, bí a tilẹ̀ ń pè é ní ìgbàgbọ́ nígbà mìíràn. (Olùkọ́, má ṣe jẹ́ kí kíláàsì fi ìyókù wákàtí yìí bú ìjọba. Òfin tí a ṣe ní ọdún 2025 ti sọ irú òwò yìí di ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Ti àwa tí a jókòó síhìn-ín ni à ń sọ.)

Ẹni tí kò jẹ́ kí ó kọjá

Ní oṣù kejìlá ọdún 1966, àrùn ìgbóná, èyí tí àwọn bàbá wa kì í fẹ́ dárúkọ, bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Ògójà ní Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà. Oògùn àjẹsára tí ó wà nílẹ̀ kò tó gbogbo ènìyàn. Dókítà William Foege àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ fi rédíò tí àwọn míṣọ́nnárì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ béèrè abúlé tí àrùn wà gan-an. Àwọn tí ó yí aláìsàn ká, àti àwọn ibi tí ó ṣeé ṣe kí ó kàn tẹ̀lé e, ni wọ́n fún ní àjẹsára. Àrùn náà yí kiri, kò rí ọ̀nà gbà, ó kú. Ọ̀nà yìí ni a tẹ̀lé ní ilẹ̀ púpọ̀ títí a fi kéde ní ọdún 1980 pé ìgbóná ti tán lórí ilẹ̀ ayé.

Ẹ̀yin ará, gbogbo Ìbàdàn kò ní láti yí padà kí ìwàkiwà tó dúró. Ó tó kí àwọn tí ó yí ẹni tí ó ni í ká má ṣe gbé e kọjá. Wo 2 Àwọn Ọba orí 7. Ìyàn mú ní Samáríà. Àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́rin, tí a ti lé sẹ́yìn odi nítorí àrùn tiwọn, ni ó mú ìròyìn dé pé àwọn ọmọ ogun Síríà ti sá. Ìròyìn ayọ̀ ni, òótọ́ sì ni. Síbẹ̀ ọba kò sọ pé kí ìlú máa sáré jáde. Ó rán àwọn ènìyàn lọ wò. Wọ́n tẹ̀lé ipa ọ̀nà dé Jọ́dánì, wọ́n rí aṣọ àti ohun èlò tí àwọn tí ń sá jù sílẹ̀, wọ́n sì padà wá ròyìn. Lẹ́yìn èyí ni ìlú jáde lọ jẹun. Bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ òtítọ́ wò báyìí nígbà tí ebi ń pa ènìyàn kú, kí ni ó dé tí ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù kò fi lè dúró di òwúrọ̀?

ÌLÒ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ

Ibì kan kù tí a kì í fẹ́ dé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Arákùnrin tí a fi ṣe àpẹẹrẹ kò wá sí ilé ìjọsìn mọ́. Owó tirẹ̀ náà ti lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni ó lé e lọ. Ojú opó yẹn ni kò lè wò. Ní ilé, ọkọ ń bi ìyàwó léèrè ẹni tí ó mú un wọ̀ ọ́. Ní ọjà, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú òòṣẹ́. Ìjọ sì dákẹ́, nítorí pé a rò pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ìfẹ́.

Léfítíkù 13:45-46 pàṣẹ pé kí adẹ́tẹ̀ máa gbé lẹ́yìn ibùdó. Ọ̀pọ̀ wa mọ apá yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n orí 14 ẹsẹ 3 sọ pé àlùfáà ni yóò jáde kúrò ní ibùdó lọ wò ó. Kò sọ pé kí adẹ́tẹ̀ kọ́kọ́ wá. Ẹni tí ó mọ́ ni ó ń rìn lọ bá ẹni tí a lé jáde, ó ń wo ara rẹ̀ fínnífínní, bí ó bá sì ti sàn, ó ń bẹ̀rẹ̀ ètò tí yóò fi padà sílé. Ó ní ohun tí ó ń náni: ẹyẹ méjì, igi kédárì, òwú òdòdó àti hísópù, lẹ́yìn náà ọjọ́ méje àti ẹbọ. Bákan náà, kì í ṣe ẹnu lásán ni arákùnrin wa yóò fi padà. Owó kékeré tí ó gbà lórí opó náà, ó yẹ kí ó dá a padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì náírà lóṣù. Opó náà pẹ̀lú ní láti sọ̀rọ̀, kí a má ṣe fi ìdáríjì tì í lọ́rùn kí ó tó sun ẹkún rẹ̀ tán. Kí díákónì méjì bá wọn jókòó. Ó lè gbà ju ìjókòó kan lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù wa wo ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó ti fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lórí tẹlifóònù rẹ̀ láìpẹ́ yìí. Èwo ni ó mọ̀ pé òótọ́ ni? Èyí tí kò bá mọ̀, kí ó pe ẹni tí ó fi ránṣẹ́ sí, kí ó sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ìtìjú díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìtìjú yẹn náà a máa ràn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Nínú ọ̀rọ̀ àwọn amí mẹ́wàá (Númérì 13:27-33), fi èyí tí wọ́n rí sí apá kan, kí o sì fi èyí tí wọ́n bẹ̀rù sí apá kejì.

2. Ní òru iyọ̀ ọdún 2014, ta ni ó pè ọ́? Ta ni ìwọ náà pè? Bí wọ́n bá pè ọ́ lóru òní, kí ni ìwọ yóò sọ fún ìyá rẹ tí ó pè?

3. Ǹjẹ́ ó yẹ kí a máa jẹ́rìí owó tí a rí nínú ìjọ láìsọ irú iṣẹ́ tí ó mú un wá? Kí kíláàsì sọ ohun tí yóò fẹ́ kí ìjọ ṣe.

4. Ka orúkọ inú ìwé kíláàsì yín. Ta ni kò wá mọ́ láti ìgbà tí owó ti ṣègbé? Ta ni yóò lọ bá a kí Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ tó dé?